Bí Wọ́n Ṣe Fi Ọ̀rẹ́ Mi Sílẹ̀ Lórí Òkè Colorado

Dallas kò ní òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ kọ́ òkè gígùn ní ìlú yìí, ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ ni yóò wá lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwa lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, àwa ọkùnrin mẹ́fà a kó kẹ̀kẹ́ wa wá láti Garland, láti Sachse tí èmi ń gbé, àti láti DeSoto, a ó sì máa yí gun ilé ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn tí ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti àjà dé àjà, títí a ó fi yọ sókè pátápátá, níbi tí fìríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, ti tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa.

Ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wa ni ó máa ń ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, Ẹ̀gbọ́n náà ni n ó sì pè é níhìn-ín, nítorí ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ayé mọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní: ẹnikẹ́ni kì í kọjá Ẹ̀gbọ́n lójú ọ̀nà. Bí ó bá rọra wa kẹ̀kẹ́, a ó rọra. Bí ó bá dúró mumi, òùngbẹ a gbẹ gbogbo wa. Nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, ẹ̀rín ni a ń fi òfin náà rín. Ọ̀rẹ́ mi a máa sọ pé bí Ẹ̀gbọ́n bá sùn lọ lórí kẹ̀kẹ́, àwa yóò kàn fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, a ó máa retí kí ó jí.

Nígbà tí àwọn ọmọ gba ọlidé, a wakọ̀ lọ sí Colorado láti fi ọjọ́ mẹ́rin gun kẹ̀kẹ́ láti àfonífojì dé àfonífojì, ní ọ̀nà olókùúta tí ó ń gba ọrùn àwọn òkè ńlá kọjá. N kò ní purọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn. Odò tí omi rẹ̀ ń ta ènìyàn léyín ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yìnyín ọdún tó kọjá ṣì wà nínú ihò àpáta, ẹranko kan tí ó sanra, tí ó jọ òkété, sì ń súfèé sí wa láti orí òkúta. Ọ̀rẹ́ mi ní bí ó bá jẹ́ ìlú wa ni ẹran náà ti ń súfèé báyìí, inú ọbẹ̀ ata ni yóò ti parí orin rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ̀rẹ́ mi. Kò lè jẹun, ó sì bì lẹ́yìn ahéré tí a wọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ó ní afẹ́fẹ́ ibi gíga náà kò tó òun mọ́, àti pé oògùn rẹ̀ kò ju kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó kéré jù nínú wa, kò sì lè lọ dúró níwájú àgbà kí ó ní òun kò lọ mọ́. Ó rán mi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán ẹni tí ó súnmọ́ àgbà ju ẹni lọ. Mo bá Ẹ̀gbọ́n níbi tí ó ti ń fi epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo sọ ti orí fífọ́, mo sọ ti èébì, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sọ pé ó jẹ́ ìwòsàn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi fúnra mi yóò bi í."

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ti dé akoto, a ti di kẹ̀kẹ́ mú, kí ó tó yíjú sí i.

"Àbúrò, ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le?"

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń sọ bí àgbà bá kí i báyìí? Ọ̀rẹ́ mi tẹrí ba, ojú rẹ̀ rí bí eérú.

"A dúpẹ́, sà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń kú lọ lórí ibùsùn pàápàá ń sọ pé òun dúpẹ́. Ìkíni ni, kì í ṣe àyẹ̀wò ara. Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti ń kí ènìyàn kí a tó bí àwa. Ó gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó wá lọ bèèrè rẹ̀ ní òwúrọ̀ lọ́nà tí kò ní ìdáhùn méjì. Ìyẹn ni mo pè ní ìkà, n kò sì tíì rí orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀nà ọjọ́ náà ni ó ga jù. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi ti sọ̀kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ti ọ̀mùtí. Nígbà tí ó yá, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wúkọ́, ó sì ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn pè mí. Mo kígbe sí àwọn tí ó wà níwájú. Wọ́n dúró nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó wo ojú ọ̀run tí ó ti ṣú, tí àrá ti ń kù lẹ́yìn ṣóńṣó òkè, ó sì ní kí àwa méjèèjì sinmi díẹ̀ kí a máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù jẹ́ apòògùn. Ó tún okùn akoto rẹ̀ dì. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ti tò tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n lọ, bí ọjọ́ orí wọn ti tẹ̀lé ara wọn, títí òkè fi bò wọ́n.

Mo fi kẹ̀kẹ́ méjèèjì sílẹ̀, mo sì gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn mi. Òjò òun yìnyín lù wá lórí bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Níbi tí igi ti bẹ̀rẹ̀ sí hù ni tọkọtaya òyìnbó arúgbó kan ti fi ọkọ̀ ẹrù wọn gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní àfonífojì. Dókítà ibẹ̀ ní omi ti ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àti pé sísọ̀kalẹ̀ ni ó gbà á là. Ní ọjọ́ kejì tí a dé ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n pè wá lórí fóònù. Ó bèèrè bóyá a gbé àwọn kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Garland. Ó gba makirofóònù, àwọn mẹ́ta yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ròyìn bí Olúwa ti mú àwọn tí ó gbàgbọ́ la àárín mànàmáná kọjá.

"Àwọn kan bojú wẹ̀yìn," ni ó wí, "ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nínú ọkọ̀, ọmọbìnrin wọn fi èdè òyìnbó bi bàbá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀rù bà á.

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n nílé. Ó ní, "Mo bi í lójú gbogbo yín, ó ní òun dúpẹ́. Ṣé kí n wá pè é ní òpùrọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́."

Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kí ó bá òun gbé mínírà tútù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, níbi tí a ń gbọ́kọ̀ sí lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀gbọ́n kéde pé bí yìnyín orí òkè bá ti yọ́, ẹgbẹ́ yóò padà sí ojú ọ̀nà kan náà. Ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́ mi lójú gbogbo ènìyàn.

"Àbúrò, ṣé ara ti le tán báyìí? Ṣé a jọ ń lọ?"

Ọ̀rẹ́ mi tẹrí ba. "A dúpẹ́, sà."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo tẹ̀lé e dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún un pé àìsàn náà lè tún gbé e ṣánlẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, orúkọ mi ni mo fẹ́ lọ gbà padà."

Mo ní, "Orúkọ rẹ kò sí lórí òkè. Garland níbí ni wọ́n ti bà á jẹ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì ṣáná sí i. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń wò mí láti inú ọkọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, kí ìjọ tí ó rẹ́rìn-ín lè kà á. Ọ̀rẹ́ mi kò sá. Ó ń ṣàìsàn, Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀, nítorí èmi ni mo sọ fún un. Ẹ dá orúkọ ọ̀rẹ́ mi padà fún un níhìn-ín, kí ó lè jókòó sílé. Yìnyín kò tíì yọ́.