Ọdún tí Òjò Pẹ́, tí Ọ̀rọ̀ sì Tán Lẹ́nu Mi

Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, méjì nínú àwa mẹ́rin tí à ń kọ́ni nípa ẹranko ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa l'Abẹ́òkúta kọrí sí òkè òkun. Mo sin ẹnì kejì dé Kútọ̀, níbi tó ti wọ ọkọ̀ Èkó. Ọ̀gá wa ló kù, ìpàdé kì í sì í jẹ́ kó ráyè, nítorí náà èmi ni mo jogún kíláàsì wọn.

Ẹyẹ ni iṣẹ́ mi gan-an: ìgbà tí wọ́n ń ṣí kiri, ìgbà tí wọ́n ń yé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ yẹn kú. Mo kàn ṣàkíyèsí pé mo máa ń jókòó pẹ́ nínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Òjò pẹ́ kó tó dé lọ́dún náà. Lékeléke, tó yẹ kó ti padà sí Òkè Ọya lọ yé ẹyin, ṣì ń tẹ̀ lé màlúù kiri ní pápá ẹ̀yìn kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́.

"Mà, kí ló ń sọ fún wọn pé àkókò àtilọ ti tó?"

Ìbéèrè tí mo ti dáhùn láìmọye ìgbà ni. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Agbára àtisọ ọ́ ni n kò ní. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀. Nígbà tó yá mo ní, "Ẹ máa lọ sílé," mo sì wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìgbẹ̀ìn.

Dókítà ní Òkè-Ìlewó kò rí àrùn kankan. "Iṣẹ́ ló ń jẹ yín run," ló wí, ó sì ní kí n lọ sinmi.

Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò fara mọ́ ọn. "Ọmọ tí mo kọ́ kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé kò rẹ̀ mí nígbà náà ni?"

"Ó rẹ̀ yín, Màmá. Ẹ ò kàn sọ ni."

Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

Lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, níbi tí mo ti ń sinmi, alápàńdẹ̀dẹ̀ méjì ti mọ ìtẹ́ dé ìdajì nígbà òjò àkọ́rọ̀. Òjò dá, ẹrẹ̀ gbẹ, wọ́n pa á tì. Nígbà tí òjò padà dé dáadáa, wọ́n wá parí rẹ̀, wọ́n yé ẹyin, wọ́n sì pa ọmọ. Mò ń wò wọ́n, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Oorun, tó ti dá lójú mi tipẹ́, nìkan ni mo rí pé ó ti padà.

Mo lọ bá ọ̀gá wa. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kíláàsì tèmi nìkan ni n ó máa kọ́ báyìí."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé a fẹ́ gbé yín ga lọ́dún yìí?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Ó ti rẹ èmi náà," ló wí.

Wọn kò gbé mi ga. Àwọn kíláàsì náà wà láìní olùkọ́ títí ọyẹ́ fi dé, àwọn kan sì ń pè mí ní ọ̀lẹ. N kò bá wọn jiyàn. Lọ́dún kejì, ọ̀gá wa fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì gba ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì náà fúnra rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. Jẹ́jẹ́ ló ń kọ́ wọn, kì í kánjú.