Ohùn Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Gbé Lọ sí Àkúrẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú ilé wa ní ìlú Oǹdó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo bí ilé yìí ṣe kún lónìí kí ẹ rò pé irú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ilé wa dákẹ́. Bí ṣíbí bá bọ́ nínú ilé ìdáná, àwa méjèèjì la máa ta gìrì. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi, nítorí pé nǹkan le ní àwọn ọdún yẹn, kì í ṣe kékeré. Mílíìkì di ohun tí à ń fojú rí lórí àtẹ lásán. Ọdún méjì péré ni wọ́n ní àwọn máa lò. Lẹ́tà wọn kọ́kọ́ ń gùn tó ojú ewé mẹ́rin, ó di méjì, nígbà tó yá ó di káàdì kan ṣoṣo nígbà Kérésì.

Tíṣà ni bàbá mi. Wọn kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn tí ìyá mi lọ, ọ̀rọ̀ wọn wá dín kù pátápátá. Ṣé mo ti jẹun? Kí n ti ilẹ̀kùn. Ó dàárọ̀. Ó parí nìyẹn. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló dì wọ́n lẹ́nu. Mo rò pé wọn ò fẹ́ràn mi mọ́ ni, ó sì dùn mí gan-an.

Ibì kan ṣoṣo tí ara wọn ti máa ń yá ni inú ọkọ̀ wọn. Ẹ̀yin ò rí irú ọkọ̀ yẹn rí. Sípọ́ọ̀tì là ń pè é, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílùú rẹ̀ ni wọ́n ti rà á nígbà tí nǹkan ṣì dára. Aláwọ̀ búlúù ni, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé tí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀, ìdí ewúrẹ́ lẹ máa wò tààrà. Kì í ṣe irú tiyín tí gíà ń yí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Ọwọ́ la fi ń yí tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí gíà tó wọlé. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, bàbá mi á gbé mi jáde sí ọ̀nà Àkúrẹ́, wọ́n á tẹná mọ́ ọn díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìjókòó ìyá mi ni mo máa ń jókòó sí. Mi ò lè sọ fún yín bí mo ṣe ń retí Sunday tó.

Ọdún kan, nígbà tó ku díẹ̀ kí ilé ìwé gba ìsinmi gígùn, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn méjì ló ń dún. Àkọ́kọ́, tí bàbá mi bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á máa ké ṣíọ́ṣíọ́ bí òròmọdìẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ìyẹn. Èkejì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, rọ̀rọ̀rọ̀rọ̀, bí ẹni ń fi ọlọ lọ ata gbígbẹ. Tí a bá wà ní gíà kejì tàbí ìkẹta, á máa kùn. Tí a bá bọ́ sí ìkẹrin, á dákẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo fi ń gbọ́ ọ ju etí lọ. Bàbá mi máa ń ṣépè fún òròmọdìẹ yẹn lábẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ nǹkan kan rárá nípa èkejì. Mo máa ń yọ́jú wo ojú wọn, kò yí padà. Mo wá sọ fún ara mi pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ la wà tí lẹ́tà fi dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé wọ́n ti gbé bàbá mi lọ sí ilé ìwé kan ní Ìjù, tí Àkúrẹ́ wà láàárín òun àti Oǹdó. Bàbá mi pè mí sí pálọ̀, wọ́n là á yé mi. Bí ọkọ̀ yìí bá ń lọ, wọ́n á máa wá sùn sílé lójoojúmọ́. Bí kò bá lọ, owó bọ́ọ̀sì ojoojúmọ́ á pọ̀ jù, wọ́n á gba yàrá kan sí Ìjù, èmi á sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ìyá kan tó ń rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn dáadáa ni ẹ̀gbọ́n wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n màṣíìnì ìránṣọ wọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sinmi. Ìyá ti lọ. Bí bàbá náà bá tún lọ, ta ló kù?

Ẹ ẹ́ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì. Epo wọ́n bí ojú nígbà náà. Mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà ti kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò ní Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa sun epo dé Àkúrẹ́ láti lọ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ẹnu la fi ń gbé ohùn ọkọ̀ lọ bá a. Mẹkáníìkì yẹn kò mọ̀wé kà, kí ẹ má rò pé lẹ́tà máa yanjú rẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ kò láfiwé. Àwọn àgbàlagbà á dúró níwájú rẹ̀, akọ̀wé kóòtù, ìyá ìjọ, wọ́n á máa ṣe gbà-gbà-gbà, wọ́n á máa ṣe fììn-fììn, òun á di ojú, á sì sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Bàbá mi ń máàkì ìwé ìdánwò nígbà ìsinmi náà, òkìtì ìwé wà níwájú wọn. Ìyẹn ni wọ́n sọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn nìkan. Wọn ò fẹ́ dé ibi tí àwọn èèyàn á ti bi wọ́n pé "ìyàwó ńkọ́?" ni. Bí wọ́n ṣe rán èmi nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi ní ohùn náà ní fàráńdà. Wọ́n á ṣe ṣíọ́ṣíọ́, èmi náà á ṣe ṣíọ́ṣíọ́. Wọ́n ní kò mú tó, kí n fi ahọ́n kan òkè ẹnu. Mo gbádùn ìrọ̀lẹ́ méjèèjì náà ju bó ti yẹ lọ, torí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò kọ́ mi ní rọ̀rọ̀rọ̀. Èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Tíṣà kan ní àdúgbò wa ni wọ́n sọ fún pé inú gíà ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń dún. Bó ṣe gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé nìyẹn, koríko hù yí i ká, adìẹ ń yé sórí ìjókòó. Lójú tèmi, bí nǹkan bá ti ń dún nínú gíà, ọkọ̀ ti kú nìyẹn. Mo pinnu pé ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ikú ọkọ̀ wa.

Bọ́ọ̀sì gbé mi dé Àkúrẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn gba Ọjà Ọba kọjá dé ìsọ̀ ọkùnrin náà. Òun náà kọ́kọ́ béèrè ìyá mi, mo ní wọ́n wà dáadáa. Àwọn èèyàn jókòó yí ká lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n. Mo dúró láàárín wọn, mo ké ṣíọ́ṣíọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín. Ó di ojú, ó ní kí n tún un ṣe. Ó bi mí bóyá ìgbà tí wọ́n bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì ló ń dún ni àbí ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo ní ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní bérìn ara kílọ́ọ̀ṣì ni, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ó yí dáadáa, pé ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan. Ó wá la ojú, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé kò sí ohùn mìíràn?"

"Kò sí, sà."

"Rántí dáadáa. Kò sí èyí tó ń kùn nísàlẹ̀?"

"Mo búra, sà, kò sí."

Mo búra, níwájú gbogbo àwọn àgbàlagbà yẹn. Ọkùnrin náà fi ìwé ìròyìn wé bérìn kékeré kan fún mi, ó ní ọmọ iṣẹ́ òun àtijọ́ tó wà ní Oǹdó á bá wa fi sí i. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára títí dòní. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé irú ọkọ̀ yẹn, bí nǹkan bá ń kùn ní gíà kejì àti ìkẹta, tó sì ń dákẹ́ ní ìkẹrin, bérìn kan ló ti jẹ nínú gíà. Kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá tètè wá, ọjọ́ kan péré lòun máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́, á jẹ eyín gíà, kò sì sí irú gíà yẹn ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa.

Mo dúró síbẹ̀, mo di bérìn náà mú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ló ní ìwòsàn ọjọ́ kan yẹn! Ṣùgbọ́n mo ti búra. Ojú ń tì mí. Ẹlòmíràn ti dìde níwájú mi, ó ti ń ṣe ohùn tirẹ̀. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ ti bérìn kílọ́ọ̀ṣì, mo sì gbé ìyókù mì, torí pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo parọ́.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn fi bérìn sí i, òròmọdìẹ dákẹ́, bàbá mi yìn mí. Ilé ìwé wọlé, epo náà sì ti rọjú díẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bí i mẹ́fà, bàbá mi ń lọ Ìjù láàárọ̀, wọ́n ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń dúró ní fàráńdà, mo sì ń gbọ́ rọ̀rọ̀rọ̀ wọn láti ìkóríta. Inú mi á dùn pé wọ́n ti dé, àyà mi á sì já, torí pé ohùn náà ń ki sí i. Mi ò rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi, ayọ̀ tó ń dun ni nínú.

Ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ní ká lọ ra ìwé ní Àkúrẹ́. A ti kọjá Bọ́lọ́rundúró, oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì. Bàbá mi já a sí gíà kẹta láti gun òkè. Nǹkan kan fọ́ lábẹ́ wa, gbàù, ọkọ̀ mì tìtì, ọ̀pá gíà ń jó lọ́wọ́ wọn, kò sì wọ ibì kankan mọ́. Wọ́n rọra jẹ́ kí ó yí dé ẹ̀gbẹ́ títì. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ìbúra tí mo bú, iṣẹ́ tí mo gbé mì, gbogbo rẹ̀ pátá.

Bàbá mi ò bínú. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ ọkọ̀, wọ́n ń wo iwájú.

"Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ," ni wọ́n wí.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn.

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé tí mo bá béèrè, wọ́n á ní ó ti kú. Èmi á wá ní láti fi ọ́ sílẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Mo rò pé o ò gbọ́ ọ ni."

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á dé Àkúrẹ́, tí wọ́n tú gíà náà, eyín rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ́ìlì bí eyín ènìyàn. Mẹkáníìkì ò bá mi wí, ó kàn mi orí. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi gbé àpótí wọn, wọ́n lọ sí Ìjù, èmi gbé tèmi lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wọn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà sí Oǹdó, mo ti lọ kàwé níbòmíràn. A ò tún gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé fóònù ti ẹ́ńjìnì, ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, kó tó jẹ ẹ̀bà tán, èsì ti dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í ba fóònù, kì í búra, gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n mo ń wò yín náà tí ẹ bá jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀, tí kálukú fi okùn fóònù di etí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnìkejì ní nǹkan kan, inú mi kì í dùn. Bérìn kan péré ló yẹ ká pààrọ̀. Èmi àti bàbá mi ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, èjìká wa ń kan ara wọn nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, ẹ̀rù kan náà ló sì ń ba àwa méjèèjì.