Olùkọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Lé

Ọkùnrin tó kọ́ wa ní kíláàsì ìkẹyìn ní Bassila láyé ìjọba òyìnbó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn. Kì í nà wá, kì í bú wa. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í kọ́ wa. Á kọ nǹkan sójú pátákó láàárọ̀, á ní kí a dà á kọ, á gbé ìbọn rẹ̀, ó di inú igbó ọ̀nà Doguè. Àwọn àgbà ní olùkọ́ gidi ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ di titulaire, èyí ni pé iṣẹ́ náà di tirẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi rẹ́rìn-ín pé gómìnà pàápàá kò lè lé òun. Àwa ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ràn olùkọ́ tó ń fi í sílẹ̀ kó máa gbá bọ́ọ̀lù?

Ìfẹ́ yẹn kò pẹ́ lọ́kàn mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Manigri nítòsí Bassila, ó sì ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ṣe ìdánwò certificat tí a fi ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá yege, mo ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí n kò bá yege, ọkọ́ wà nílẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí ọmọ kankan ti yege láti kíláàsì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Àwọn bàbá wa ní Manigri gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rò ó bí àgbẹ̀ ti ń ro nǹkan. Lójú tiwọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bàjẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Olùkọ́ ní oko iṣu kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n kó ara wọn jọ lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká láti Manigri, wọ́n sì kọ ebè oko náà tán, kí ọkùnrin náà lè ráyè wá sí kíláàsì. Ó dúpẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n oko ńlá ń fẹ́ ìtọ́jú. Kò pẹ́ tí kíláàsì wa fi ṣí lọ sóko: àwa là ń ro ó, àwa là ń wá igi tí iṣu yóò máa gùn. Bàbá mi bínú gidigidi. Ó ní ọwọ́ ara àwọn làwọn fi ṣe ara àwọn.

Wọ́n wá lọ bá òyìnbó aláṣẹ agbègbè wa ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀.

“Níbi tiwa, bí a bá fún ẹnì kan nílẹ̀ tí kò ro ó, a máa ń gbà á fún ẹni tí yóò ro ó.”

Òyìnbó ní iṣẹ́ kì í ṣe ilẹ̀. Ti olùkọ́ wa, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà, kò ṣe é gbà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olùkọ́ kékeré tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí òun lé, òun lè lé e lónìí. Bàbá mi ní ó tó, àwọn kò fẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n sì yára fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀.

Olùkọ́ kékeré yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà, kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tó fi gbà. Gbogbo Àlàmísì, ọjọ́ tí ilé ìwé kì í sí, á gun kẹ̀kẹ́ wá sí Manigri, á kó àwa ọmọ Manigri mẹ́rin tó wà ní kíláàsì ìkẹyìn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìṣirò kan wà nípa ohun ìwẹ̀ òyìnbó tí omi ń wọ̀ lókè, tó ń jò nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí nínú wa. Ó gba igbá ìyá mi, ó lu ihò sí i nídìí, ó ní kí a máa da omi sí i kí a sì wò ó. Ìyá mi wo igbá, ó wo olùkọ́, ó ní kò burú, bó bá ṣáà ti yé ọmọ.

Ó yé mi. Mo lọ ṣe ìdánwò náà ní Djougou, mo sì yege. Olùkọ́ àgbà gbé mi sókè, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì yìn ín. Wọn kò tún gba olùkọ́ kékeré mọ́ lọ́dún yẹn. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà Alédjo pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní kí n dìde, kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í gba ọmọ tó dọ̀tí. N kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo dé láyé tí n kò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, wọ kíláàsì kan náà lẹ́yìn mi. Olùkọ́ àgbà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá ní Àlàmísì mọ́. Kò yege, ó gba ọkọ́. Iṣu tó ń gbìn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà ìsinmi kan, mo tẹ̀lé e lọ sóko láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ọpẹ́ náà tó. Ẹ kọ́ mi ní ohun tí olùkọ́ kékeré kọ́ yín.”

A jókòó sídìí ebè, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò omi inú igbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ tó fi yé e. Nígbà yẹn, ó ti dàgbà kọjá ọmọ tí wọ́n ń gbà fún ìdánwò náà.