Ìwé Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Òjò

Ìtàn mi kò balẹ̀ sórí Ìjàpá, kò balẹ̀ sórí ọba. Orí bébà pélébé kan ló balẹ̀ sí, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ọmọ mi ní Ìkòsí, tí èmi tí n kò mọ̀wé fi ọwọ́ ara mi ṣí kúrò.

Adédiwúrà ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó dé Kétu, tó ń ṣa tòmátì fún àwọn oníṣòwò ní Mile 12: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi tòmátì á jẹ ọwọ́ rẹ̀ títí awọ á fi máa bó. Ibẹ̀ ni Reuben ọmọ mi ti rí i, nígbà tó ń wa ọkọ̀ tí ń kó ọtí. Reuben ní, "Ọwọ́ yìí kò yẹ fún tòmátì." Diwúrà ní, "Ọwọ́ ta ló yẹ fún un? Tìẹ?" Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn.

Àwọn méjèèjì ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Wọn kì í bu ọtí sí ife fún ẹnikẹ́ni. Páálí-páálí ni wọ́n ń gba wáìnì àti sìnáàpù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá tó ń kó o wọlé láti òkè òkun, tí wọ́n á sì pín in fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Alápẹ̀rẹ̀ àti Gbàgádà. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ ẹni tó ń kó ọtí wọlé, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń pín in, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń bu ú sí ife. Ti pínpín ni Reuben gbà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé náà, inú férémù ló gbé e kọ́ sí lára ògiri.

Lọ́dún tó kọjá, ibà ọjọ́ mẹ́ta pa Reuben.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, ó wo férémù náà.

"Ta ni Reuben níbí?"

"Ọkọ mi ni, sà," Diwúrà dáhùn. "Ó wà ní ìtẹ́ òkú."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Madam. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù lẹ jogún, ẹ ò jogún àṣẹ."

Ó ní ìwé Reuben yóò gbé wa dé ìparí oṣù kẹfà. Kó tó dìgbà náà, kí Diwúrà tọrọ tirẹ̀. Wọ́n á lẹ ìwé ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko, kí ará àdúgbò tí kò bá fẹ́ ọtí lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Bí ìwé tuntun kò bá jáde, títì ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Àpápá náà ti sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn á fa àwọn òtẹ́ẹ̀lì wa lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sì sí ohun mìíràn tí Reuben fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n pe Diwúrà láti Ìjẹ̀bú-Igbó: ìyá rẹ̀ ṣubú, egungun itan rẹ̀ kán. Bó ti ń di báàgì ló ń sọ fún mi pé:

"Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn o. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é."

"Má dààmú, ìyàwó mi. Màá tọ́jú ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: tọ́jú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò ṣú. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ ba ìwé náà, àwọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omijé ọmọ tó lé tìróò. Mo gun àpótí ìjókòó, mo rọra ṣí i bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tuntun. Mo fẹ́ ẹ gbẹ, mo fi gèlè mi wé e, mo kó o sínú àpótí aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà Reuben. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú tòbí mi.

Diwúrà a máa pè mí lórí fóònù. "Màmá, ìwé ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa! Kò sí ọwọ́ tó lè kàn án."

Á sì ṣàdúrà fún mi. Áà, àdúrà yẹn!

Ní ọjọ́ tí ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, Diwúrà dé láti gáráàjì pẹ̀lú báàgì léjìká, ó bá Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé níwájú ilẹ̀kùn. Pákó lásán ni wọ́n ń wò.

"Madam, ìwé dà?"

Diwúrà yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́! Mo sáré wọlé, mo gbé gèlè jáde, mo tú u. "Òun rèé. Láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ni mo ti kó o pamọ́, òjò kò rí i bà jẹ́."

Nojeem tí ń lẹ táyà níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ìyá Reuben ti ìkéde ìjọba mọ́ àpótí! Màmá, ta lẹ ní kó wá kà á níbẹ̀, eku?"

"Màmá," Diwúrà ní, "mo ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀."

"Mo tọ́jú rẹ̀, ọmọ mi. Wò ó."

Ó kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà nínú ẹrẹ̀. "Sà, ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ rí i. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò mọ̀wé."

Ọkùnrin náà nu ojú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Madam, ẹ dìde. Ọjọ́ márùn-ún péré ló lò lójú ayé. Bí mo bá parọ́ sí i, tí ẹnìkan bá dìde pé òun ò rí nǹkan kan, iṣẹ́ mi lọ, ìwé yín náà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan." Ó wò mí. "Màmá, ìwé tó yẹ kí ẹ ṣọ́ lẹ lọ fi pamọ́."

Oṣù kẹfà ku ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó parí, wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn.

Diwúrà ti padà sí Mile 12. Ẹni ọdún méjìlélógójì ń ṣa tòmátì láàárín àwọn ọmọdébìnrin. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Bó bá wọlé, "Màmá, ẹ ti jẹun?" nìkan ló ń sọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀ tó ń bó.

Wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde tuntun mọ́ ilẹ̀kùn, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ báyìí. A fi ọ̀rá bò ó, mo jókòó tì í pẹ̀lú agboòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, Nojeem á dìde wá dúró dè mí. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Nínú àlọ́ tí ìyá mi ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, ẹni tó bá ṣẹ̀ á kọrin, ilẹ̀ á lanu, ohun tó sọnù á padà. Mo kọrin títí, ilẹ̀kùn kò lanu.

Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, Dorothy tó ni ilé-ìwé kékeré tó wà ní kọ́nà wa dúró níwájú ìwé náà, ó fi awò sójú. Ó ń kà á, kò kúrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agboòrùn yẹn sókè díẹ̀. Kò jẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀."

Nojeem ti ka ìwé náà sí mi létí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí ènìyàn á ti lọ sọ pé òun ò fẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, kí lẹ fẹ́ fi ìsàlẹ̀ ṣe?"

"Kíkà ni, Màmá. Ṣebí torí kí a lè kà á ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́?"

Ọwọ́ mi dìde fúnra rẹ̀. Ó dé etí ìwé náà, ibi tí gọ́ọ̀mù kò ti mú dáadáa. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo gbé agboòrùn sókè.

Ó gbé fóònù jáde, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kí mi, ó lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sọ agboòrùn kalẹ̀ sórí ìwé náà, mo jẹ́ kí òjò máa pa èmi.