Ẹnu Olówòkéré àti Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Bí àwọ̀n ẹnikẹ́ni bá ya ní Abereke, ìlú apẹja wa létí òkun, ọ̀dọ̀ Olówòkéré ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ ò ní béèrè ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa gba orí afárá pákó, ẹ máa kọjá ibi tí mo ti ń yan edé, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Òun nìyẹn. Ilé tèmi àti tirẹ̀ kò ju pákó mẹ́ta lọ síra, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ẹsẹ̀ tó nà yẹn kì í ṣe ti ìsinmi o. Iṣẹ́ ló fi ń ṣe. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi máa ń kọ́ ojú àwọ̀n, á wá fa ìyókù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí àwọ̀n á fi le dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún á di abẹ́rẹ́ onígi mú, tòsì á di ibi tó ya mú. Bó bá ti ta kókó tán, á fi eyín iwájú fún kókó náà kó le, á tún fi eyín kan náà gé òwú. Kò ní ọ̀bẹ. Ó ní ọ̀bẹ máa ń já bọ́ sómi, eyín kì í já bọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ apẹja ni. Bàbá rẹ̀ pẹja, bàbá bàbá rẹ̀ pẹja. Òun nìkan ni ara rẹ̀ kò gba òkun: bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, èébì dé. Wọ́n gbàdúrà sí i. Wọ́n fún un ní orógbó jẹ. Ó bì í pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bàbá rẹ̀ ní kó jókòó sílé, kó máa tún àwọ̀n àwọn tí kì í bì ṣe. Ó jókòó. Láti ìgbà náà, òkun ti gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń kọ́ òmíràn sẹ́yìn, ó sì ń jókòó síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó fẹ́ Rhoda, ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé Àràmídé nítorí ọmọbìnrin wọn tó ń ṣe tíṣà ní Ode Mahin. Ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn títí ọ̀rọ̀ ẹnu fi dé.

Ní ohun tó lé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń fi orín fọ ẹnu láàárọ̀, ó tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Ó wò ó títí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tún ni. Èrìgì rẹ̀, ìyẹn ẹran tó di eyín mú, ti wú, ó pupa bí ata rodo. Ó bá ro ó bí oníṣẹ́ àwọ̀n ṣe máa ń ro nǹkan. Àwọ̀n tó bá ya, èèyàn kì í tún jù ú sómi, kì í sì í fà á. Ńṣe ló máa gbé e kọ́, kó gbẹ, kó sinmi. Ẹnu òun ti ya. Ó gbé orín kọ́. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu náà mọ́ àfi ògógóró díẹ̀ láàárọ̀, tó máa fi ṣan ẹnu kó tó gbé e mì, nítorí kò rí ìdí tó fi yẹ kó tu ú dànù.

Ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó pè mí láti orí pákó rẹ̀.

"Ìyá Báyọ̀, ṣé o rí i? Ìsinmi ni."

Ẹ̀jẹ̀ dúró, òórùn dé. Ìyé Àràmídé kò bá a jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ kó tó gbé àpótí sílẹ̀ láti jókòó.

Olówòkéré ti ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ṣáájú ìgbà yẹn. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń rọra bá a gbé. Àfi ọjọ́ tí Kingsley gbé àwọ̀n kan wá. Kingsley ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì, kì í sì í gbọn àwọ̀n kó tó gbé e wá. Ẹ̀gún ẹja kan há sínú rẹ̀. Bí Olówòkéré ṣe fi àtàǹpàkò kọ́ àwọ̀n tó fà á, ẹ̀gún wọlé. Ó yọ ọ́, ó tún àwọ̀n ṣe tán, Kingsley gbé àwọ̀n lọ. Egbò ló kù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jiná. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ń ṣọyún.

Nọ́ọ̀sì Mùnírátù ló ń wẹ egbò náà fún un ní ilé ìtọ́jú wa. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ìjọba ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí, ó ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Òun ló ní kí wọ́n lọ rí dókítà ní ìgboro. Èmi ni mo bá tọkọtaya náà lọ.

Dókítà wo ìka, ó wo ìwé àyẹ̀wò.

"Bàbá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ga jù, kò ní jẹ́ kí egbò yìí jiná. Mo máa fi oògùn kún oògùn. A máa fún un ní oṣù mẹ́ta. Bí ṣúgà ò bá wálẹ̀, tí ìka yìí sì ń bàjẹ́ lọ, a máa ní láti gé e kó má baà ran gbogbo ẹsẹ̀."

Olówòkéré na ẹsẹ̀ òsì síta. "Dókítà, ṣé ẹ ò lè mú ti òsì?"

"Kí ni tòsì?"

"Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe."

Dókítà ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ó padà wálé, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó dín púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, kù. Ó fi ògógóró sílẹ̀. Ó ń mu gaàrí díẹ̀ láìsí ṣúgà, ó ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń mu iyanrìn etíkun. Kò pa oògùn jẹ lọ́jọ́ kan. Oṣù kan kọjá, Mùnírátù gún un níka, ó wo ẹ̀rọ. Ṣúgà wà níbi tó wà.

Wàhálà dé sílé. Ìyé Àràmídé dúró lé e lórí.

"Bàbá Àràmídé, níbo lẹ ti ń mu mínírà?"

"Mínírà wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń fi pamọ́."

"Rhoda, orí omi la wà. Ibo ni mo fẹ́ fi í pamọ́ sí?"

Ó tú abẹ́ ibùsùn. Ìdì òwú àwọ̀n mẹ́rin àti bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá. Ó ní bí kò bá mu ún, a jẹ́ pé ó ń lá a.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń gbé ṣúgà yẹn dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Ìyé Àràmídé wà ní ilé ìtọ́jú nígbà tí Mùnírátù kúnlẹ̀, tó ń wẹ egbò lọ́wọ́. Olówòkéré tẹ̀ síwájú kó lè rí ìka dáadáa, ó sì mí sí nọ́ọ̀sì lójú. Mùnírátù gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà, ó ń wò ó.

"Bàbá, ẹ ya ẹnu."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Mo mọ̀ sà. Ẹ ya á."

Ó fi iná fóònù wò ó. Ó fi igi pẹlẹbẹ tì ọ̀kan nínú eyín iwájú. Eyín náà mì bí òpó ilé tí omi ti gbẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ti fọ ẹnu kẹ́yìn?"

"Mo ní kó sinmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì."

Mùnírátù wá àga, ó jókòó.

Ó ní kòkòrò àìfojúrí kún ẹnu gbogbo wa, tòun, tèmi, ti pásítọ̀. Wọ́n pọ̀ ju èrò ọjọ́ ọjà Ìgbọ́kọ̀dá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹni burúkú, wọ́n ń bá wa gbé jẹ́ẹ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń dí àwọn àjèjì lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá fọ ibẹ̀, wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ bo eyín, wọ́n á kọ́lé sínú rẹ̀, tó bá yá á le bí òkúta. Ìgbà yẹn làwọn burúkú inú wọn máa ń di ọ̀gá. Wọ́n á wọ abẹ́ èrìgì, ibẹ̀ á di egbò, egungun tó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

"Bàbá, bí a bá tẹ́ gbogbo egbò abẹ́ eyín yín sílẹ̀, ó lè tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ti ẹsẹ̀ yín ò tó ìdajì rẹ̀."

Olówòkéré wo àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì. "Ẹnu wà lókè, ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kí ló pa wọ́n pọ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ara yín ń bá egbò ẹnu yẹn jà tọ̀sán-tòru. Ìjà yẹn kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ohun tó ń mú ṣúgà wálẹ̀. Ṣúgà á ga. Bó bá sì ti ga, ara ò ní lè bá kòkòrò jà dáadáa mọ́, wọ́n á tún pọ̀ sí i. Ẹnu ń ba ṣúgà jẹ́, ṣúgà ń ba ẹnu jẹ́."

"Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn. Àwọ̀n tó bá ya..."

Ìyé Àràmídé kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Bàbá Àràmídé, ẹnu kì í ṣe àwọ̀n! Ìgbà wo lẹ sá a tó gbẹ? Ìdí ọkọ̀ ni ẹnu. Ẹ fi ọkọ̀ sómi lọ́dún méjì láìfá ìdí rẹ̀, kí lẹ máa bá níbẹ̀?"

Kò sí ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ ìdáhùn. Nǹkan yíyọ̀ á kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn débi pé irin la fi ń fá wọn, pákó á sì máa jẹrà lábẹ́ wọn.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìnwá," ni Olówòkéré wí.

A tún wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro, lọ́dọ̀ dókítà eyín, Adégbóyè lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó yẹ ẹnu wò, ó ka eyín. Ó ní òun lè fá ìyókù kí òun sì gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n mẹ́rin ò lè dúró mọ́.

"Mẹ́rin wo?"

"Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn tó wà níwájú gan-an."

Olówòkéré ní òun fẹ́ lọ rò ó.

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀? Bó bá di eyín mú, ó lè pàdánù ìka. Bó bá fẹ́ ìka, kó fi eyín sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ó jókòó síwájú ilé fún ọjọ́ méjì, kò fọwọ́ kan àwọ̀n. Kingsley dé, ó gbé òmíràn lé èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń wo ẹsẹ̀ bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á."

"Wọ́n fẹ́ yọ eyín mi."

"Ha! Kí wọ́n má yọ ọ́ o. Ta ló máa wá fún kókó?"

"Bí wọn ò bá yọ ọ́, wọ́n lè gé ìka yìí."

Kingsley wo ìka, ó wo ẹnu. "Èwo nínú méjèèjì ló máa rọrùn láti rí rà ní ìgboro?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Olówòkéré náà kò bínú. Lọ́jọ́ kẹta, ó dán an wò. Ó fi aṣọ we ìka egbò náà, ó pa ẹnu dé, ó fi ìka kọ́ àwọ̀n, ó fi ọwọ́ fún kókó. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kókó mú. Lẹ́yìn náà ló ká ẹsẹ̀ kò, ó fi eyín nìkan ṣe é. Àwọ̀n rọ̀ jọ sórí itan rẹ̀ bí aṣọ tútù, kò rí ojú kan fà. Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù, ó ní ká máa lọ.

Dókítà yọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, méjì-méjì, nítorí àtọ̀gbẹ. Olówòkéré gba gbogbo wọn, ó wé wọn sínú bébà. Ìyé Àràmídé ní kó jù wọ́n sómi. Ó kọ̀. Ó ní òkun ti gba ilé mẹ́ta, kó má fọwọ́ kan eyín òun.

Fífá ló kù. Adégbóyè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fá abẹ́ èrìgì rẹ̀, ohun tó ń bọ́ jáde dúdú, ó le. Mo ti rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀. Wọ́n ní kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, bó bá ṣẹ̀jẹ̀ kó má dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ dúró. Ìyé Àràmídé dúró tì í pẹ̀lú ife omi.

"Ẹ fá a."

"Ó ń ṣẹ̀jẹ̀, Rhoda."

"Ẹ fá ìdí ọkọ̀ yín, jàre."

Kí oṣù tó parí, ẹ̀jẹ̀ ò wá mọ́.

Dókítà tó ń wo ẹsẹ̀ ti fi oṣù kan kún oṣù mẹ́ta rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ eyín. Ọjọ́ pé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, a jókòó. Olówòkéré bọ́ bàtà ọ̀tún kí wọ́n tó ní kó bọ́ ọ, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú dókítà. Ṣúgà ti wálẹ̀. Kò wá sílẹ̀ pátá, ṣùgbọ́n ó ti dé ibi tí oògùn ti lè dì í mú. Egbò náà ti kéré, ẹran tuntun ti bò ó láti ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá, ẹ máa gbé ìka yín lọ sílé."

"Ẹ ṣé."

Mùnírátù kìlọ̀ fún un nígbà tó gbọ́. Ó ní kó má lọ máa sọ káàkiri pé fífọ ẹnu ló wo àtọ̀gbẹ o. Oògùn ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni kò dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ó gbà. Ó dé Abereke, ó sọ ọ́ káàkiri.

Ó ti ń jókòó síwájú ilé padà báyìí. Ọwọ́ ló fi ń fún kókó, ó ń fi abẹ gé òwú. Àwọ̀n tó ń gba ọjọ́ kan tẹ́lẹ̀ ti di ti ọjọ́ méjì, àwọn apẹja sì ń kùn, Kingsley ló ń kùn jù. Olówòkéré kì í dá wọn lóhùn títí á fi fi àtàǹpàkò kọ́ àwọ̀n tán, tó fà á le. Á wá ní kí ẹni tó bá ń kánjú mú eyín tirẹ̀ wá.