Àwòrán Ìyá Ìbejì ní Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kan gbogbo fèrèsé ilé orí òkè pa. Nígbà tí àwọn onílé òkè bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ gbà kọjá, òun ni wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ẹrù tán. Á gbé òòlù àti pákó gòkè, á kan pákó méjì-méjì dábùú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, onílé á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jọ sọ̀kalẹ̀. Ilé olókùúta ni gbogbo wọn, ògiri wọn sì nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sínú fèrèsé kó na ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà tó wà láàárín wọn há, àtẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, odi àtijọ́ sì yí wọn ká. Ìtàn wà nínú ilé wọ̀nyẹn, àmọ́ omi ẹ̀rọ kò sí. Káfíńtà ni gbogbo ìlú ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe máa pè é níbí.

Lọ́dún tí ayàwòrán àkọ́kọ́ dé, Káfíńtà kan náà ni wọ́n pè kó wá fa ìṣó yọ. Ọkùnrin kan tó gbé àpò méjì kọ́ èjìká, tí irùngbọ̀n rẹ̀ bo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ló háyà ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. Nígbà tí Káfíńtà délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnì kan tí orí rẹ̀ kò pé ti dé sórí òkè o, ó ń sanwó ilé nítorí oòrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Onírùngbọ̀n ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọ̀rẹ́ Onírùngbọ̀n kan wá kí i, kò padà lọ mọ́. Obìnrin amọ̀kòkò kan gba ilé tó kángun sí tiwọn, ó mọ ààrò sí ẹ̀yìnkùlé. Tọkọtaya kan tó ń gbẹ́ òkúta dé, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ láti òwúrọ̀, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ń bi ara wọn pé ta ló ń kọ́lé. Ẹnì kan ṣí ilé kọfí síbi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ láyé àtijọ́. Àwọn onílé tó ti búra pé àwọn kò ní fẹsẹ̀ tẹ òkè mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, láti wá wo ohun tí ilé wọn dà. Gbogbo ìṣó tí Káfíńtà ti kàn lókè, òun náà ló fà á yọ, nígbà tí ìyẹn sì tán, wọ́n ní kó máa bá àwọn kan férémù. Òun ló ń gé igi tí wọ́n ń ta aṣọ àwòrán lé, òun ló sì ń kan férémù yí i ká tí wọ́n bá yà á tán. Kò sí àwòrán kan tó kúrò lórí òkè tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Káfíńtà ń jowú. Kì í ṣe pé mò ń bú u. A mọ̀ ọ́n mọ́ ọn ni, bí a ṣe ń mọ ẹni tó ń hanrun. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Yàrá iwájú ló ti ń ránṣọ, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ẹ̀rọ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Bí ohùn ọkùnrin bá ti wọ yàrá iwájú, ayùn á dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń kó aṣọ wá fún un ti mọ̀ ọ́n. Bí ayùn bá dákẹ́ lójijì, wọ́n á ní, “Ìyá Ìbejì, ọkùnrin ti dé nìyẹn,” kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn. Òun náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ilé dákẹ́, iṣẹ́ kò dín.

Ṣòkòtò tó ya ni Onírùngbọ̀n gbé wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wo Ìyá Ìbejì dáadáa. Kò bá a sọ ọ́. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó kí Káfíńtà, ó ní òun fẹ́ tọrọ àyè kí òun ya àwòrán ìyàwó wọn, tí wọ́n bá gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Káfíńtà nínú, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Lójú tirẹ̀, bíi ti fọ́tò ni: èèyàn á jókòó, á dìde, ó tán. Ó ní kò burú.

Kò tán o. Ní gbogbo àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, Ìyá Ìbejì á da aṣọ bo ẹ̀rọ, á sì gba àtẹ̀gùn lọ. Kò sí ohùn ọkùnrin kankan ní yàrá iwájú nírọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ayùn kì í dún. Káfíńtà á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa pọ́n ohun tó ti mú tẹ́lẹ̀. Tó bá bi ìyàwó rẹ̀ nígbà tó dé pé báwo ni, á ní dáadáa ni. Tó bá tún bi í pé kí ni wọ́n ṣe, á ní wọ́n ya àwòrán. Ìdáhùn méjèèjì yìí kò jẹ́ kó rí oúnjẹ jẹ dọ́kàn.

Àfihàn tí àwọn ayàwòrán fẹ́ ṣe lórí òkè ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Onírùngbọ̀n fúnra rẹ̀ gbé àwòrán náà wá, ó fi aṣọ àtijọ́ wé e. Ó bẹ Káfíńtà pé kó kan férémù tó gbayì sí i, torí èyí ni yóò wà lójúde. Ó dúpẹ́, ó lọ. Káfíńtà tú aṣọ náà.

Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sínú fèrèsé ilé Onírùngbọ̀n. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀, ó fi orí ti ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí síbí, kò sí ìgbálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ti ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ gbà lẹ́nu. Káfíńtà mọ ojú yẹn. Ó ti rí i rí, kí wọ́n tó bí ìbejì, kò sì mọ ọjọ́ tó kúrò nílé òun. Kò mọ̀ pé orí òkè ló lọ.

Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀: ó fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kan náà ni Onírùngbọ̀n máa ń yà sí láti ìgbà tó ti dé. Ògiri odi, ewúrẹ́, obìnrin amọ̀kòkò, ọ̀gá ilé kọfí, ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ti ìyàwó rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn jù wọ́n lọ. Ó tún un wọ̀n. Ìwọ̀n kò yí padà. Ẹlòmíràn ì bá wo ẹ̀rín yẹn kó bínú. Káfíńtà wo tépù, ó sì dá a lójú pé ọwọ́ òun ti tẹ ẹ̀rí.

Ó gbé àwòrán náà lé orí, ó gòkè lójú oòrùn gangan. Onírùngbọ̀n àti obìnrin amọ̀kòkò wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mu kọfí. Kò kí wọn. Ó gbé e kalẹ̀, ó na tépù sí i, ó ní kí ọkùnrin náà ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ayé fi gba ìwọ̀n kan tí ìyàwó òun nìkan fi gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onírùngbọ̀n kò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Nígbà tó yé e, ó yí ẹ̀yìn àwòrán náà sí i, ó rọra ní, “Bàbá, ẹ wo igi yìí. Ṣé pẹ́ńsù yín kọ́ nìyẹn?”

Àmì Káfíńtà wà lára igi náà gbàgàdà, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Igi tó ṣèèṣì gé gùn jù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Onírùngbọ̀n máa gbé e lọ, kó má baà dí òun lójú ṣọ́ọ̀bù.

“Mo fẹ́ gé e kúrú,” Onírùngbọ̀n sọ, “mi ò ní ayùn.”

Obìnrin amọ̀kòkò kò lè mú un mọ́ra. Ó wọlé lọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilé olókùúta máa ń gbé ohùn jáde. Káfíńtà tún àwòrán náà wé, ó sọ̀kalẹ̀, ojú tì í dé orí. Ohun tó wá burú nínú rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ kò fúyẹ́. Ìwọ̀n ti yanjú, ẹ̀rín kò tíì yanjú.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

“Kí ni ọkùnrin yẹn máa ń sọ fún ọ lókè?”

“Kò sọ nǹkan kan.”

“Ojú yẹn kọ́ ni ojú ẹni tí wọn ò sọ nǹkan kan fún.”

Ó fi eyín já òwú. “Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Ó ní kí n má ṣe nǹkan kan, mi ò ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sùn lọ, kò jí mi. Bàbá Ìbejì, láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí?”

Káfíńtà ní òun kò sọ fún un rí pé kó má jókòó.

“Ẹ ò sọ ọ́ lóòótọ́. Tí mo bá ti jókòó lẹ máa ń bi mí pé níbo ni ìṣó wà.”

Káfíńtà gbé àwòrán náà ti ògiri. Ó bi í bóyá ó tún máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní Onírùngbọ̀n fẹ́ ya òmíràn, òun ti ní òun á lọ. Tí ọkọ òun bá fẹ́ tẹ̀ lé òun, kó máa bọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún tẹ ẹ̀rọ.

Káfíńtà kan férémù náà. Igi tó dára jù tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ló fi kàn án, ó fi yanrìn họ ọ́ títí ó fi ń dán bí orí apárí. Ètè férémù tó ń di etí àwòrán mú nìkan ló ṣe é fẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, tó fi bo ìdajì orúkọ ara rẹ̀ tí Onírùngbọ̀n kọ síbẹ̀. Onírùngbọ̀n rí i, ó wojú rẹ̀, ó mẹ́nu kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ àfihàn, gbogbo ìsàlẹ̀ gòkè. Wọ́n to àwòrán yí gbàgede odi ká, àmọ́ ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni èèyàn pọ̀ sí. Obìnrin kan ń pariwo pé àṣé báyìí ni Ìyá Ìbejì rẹwà tó, tí ó kàn ń fi ẹwà pamọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó Káfíńtà ń rìn láàárín wọn, ara rẹ̀ yá gágá. Káfíńtà ní tirẹ̀ dúró ti àwòrán bíi ọlọ́dẹ, ó ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá pẹ́ níwájú rẹ̀.

Ẹni tó rà á kì í ṣe ará ìlú. Ó wọ bàtà funfun, ó sì sọ fún Onírùngbọ̀n pé ọ̀kánkán bẹ́ẹ̀dì òun ni òun máa gbé e kọ́ sí, kó lè jẹ́ pé obìnrin yìí ni òun á kọ́kọ́ máa rí tí òun bá jí. Káfíńtà gbọ́. Ó fi ìka kan kan férémù, ó mi orí.

“Fáníìṣì rẹ̀ kò tíì gbẹ,” ó wí. “Tí ẹ bá gbé e báyìí, ó máa bàjẹ́.”

Ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ kọjá, kò gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó ní òjò ló fà á. Oòrùn ràn, ó ní oòrùn ti le jù, pé ó ń mú kó lẹ̀. Ní ilé kọfí, wọ́n ń bi ara wọn bóyá oyin ni Káfíńtà fi kun férémù. Onírùngbọ̀n wá bẹ̀ ẹ́, ó ranjú mọ́ ọn, kò gbẹ síbẹ̀.

Níkẹyìn, oníbàtà funfun rán awakọ̀ rẹ̀. Ayùn dákẹ́ nígbà tí ohùn rẹ̀ wọ yàrá iwájú. Ìyá Ìbejì ní kó dúró ná, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tòun ti òwú lẹ́nu. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ férémù náà gbọnin, ó gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ń wo ilẹ̀.

Ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

“Kò tíì gbẹ,” ni Káfíńtà gbọ́ tí ó sọ. “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, Káfíńtà bi í láti ẹ̀yìn ògiri pé ta nìyẹn.

“Ẹni tó fẹ́ wá gbé mi lọ ni.”

“Ọkùnrin ni?”

“Ọkùnrin ni.”

Káfíńtà ṣí agolo fáníìṣì, ó mú burúṣì, ó tún férémù náà kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀.