Ọ̀rá Dúdú Inú Ọ̀bọ̀kún

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Tinúkẹ́, kó ṣáà sọ fún un pé ẹja rẹ̀ kò mọ́. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti ń ná ọjà Ìgbòkòdá, tó ń ra ẹja òkun yíyan, tó sì ń gbé e wá tà lọ́jà Aládé nílẹ̀ Ìdànrè. Bí oníbàárà bá mú ọ̀bọ̀kún kan, Tinúkẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọ̀bẹ là á níkùn lójú ẹni náà, kó lè rí i pé kò sí ìdin níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja yòókù kì í dán irú rẹ̀ wò. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn, òun náà ló sì kó o sí wàhálà.

Lọ́dún 1981, lásìkò òjò tí gbogbo ilé ń gbin kòkó, Alàgbà Olútìmẹ́hìn wá ra ẹja. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni òun àti Tinúkẹ́ ń lọ, oko kòkó rẹ̀ ní Àtòsìn kò sì lẹ́gbẹ́. Tinúkẹ́ la ọ̀bọ̀kún níkùn, ohun dúdú kan yọ jáde, ó ti ká jọ bí irun tí iná jó. Alàgbà fà á, ọ̀rá ni. Tinúkẹ́ la òmíràn, ó tún bá ọ̀rá níbẹ̀, tín-ín-tín-ín, ó pọ̀ ju kí èèyàn máa ṣà á lọ. Gbogbo ọjà ti ń wò wọ́n.

Alàgbà kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń ka Bíbélì ló fi sọ ọ́.

“Arábìnrin Tinúkẹ́, ìwọ náà ti ń ki ọ̀rá bọ ẹja nínú kó lè tóbi?”

Kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, wọ́n ti sọ Tinúkẹ́ lórúkọ: Tinúkẹ́ Ọlọ́ràá. Àwọn tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, wọ́n ń wàásù rẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, àwọn kan náà ló sì fi ẹnu tẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú bí i gan-an.

Màmá Bernadette ló ń bínú sí, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà fún un. Ẹni tó yan ẹja ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó di ọ̀rá náà sínú áńkáṣíìfù, ó wọ ọkọ̀ Ìgbòkòdá, ó sì ń to èébú jọ lẹ́nu títí wọ́n fi dé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò kúnlẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú áńkáṣíìfù náà síwájú ìyá náà, ó ní kí ló dé tí wọ́n fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́.

Màmá Bernadette wo ọ̀rá náà. Ó mú Tinúkẹ́ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ọkọ rẹ̀ ń sá àwọ̀n sí. Òkìtì ọ̀rá dúdú wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ga dé orúnkún, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ pé inú àwọ̀n ni wọ́n ti ṣà á. Ó ní omi ń gbé e wá lójoojúmọ́, ẹja ń gbé e mì, àwọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Àwọn ọmọdé ń pè é ní àpò iwin.

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn ká ìlú, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Tinúkẹ́ mú ọ̀kan nílẹ̀. Àpò kékeré ni, ihò wẹ́wẹ́ wà nídìí rẹ̀. Ta ni yóò gbé Ìdànrè tí kò ní mọ̀ ọ́n? Ọ̀rá kòkó ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ iyẹ̀pẹ̀ sí, tí wọ́n ń gbin hóró kòkó sí títí yóò fi tó gbé lọ sóko. Olúlékè, ọkọ Tinúkẹ́, ló ń tọ́ ọmọ kòkó tà fún àwọn àgbẹ̀ Àtòsìn. Tinúkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi wáyà gbígbóná lu ihò sí ìdí àwọn àpò náà kí omi lè rí ọ̀nà jò.

Ewé ni àwọn bàbá wọn fi ń pọ́n ọmọ kòkó. Wọ́n gbà pé kòkó tí wọ́n bá da ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn sí nídìí kì í rójú dàgbà, nítorí náà odò ni wọ́n ń da ewé náà sí, yóò sì jẹrà síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá dé, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ewé. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n wọn. Odò oko wọ inú Ọ̀wẹnà, omi Ọ̀wẹnà sì ń lọ sókun.

Màmá Bernadette mú ọ̀rá kan tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Ó di lẹ́búlẹ́bú, atẹ́gùn sì gbé e sínú omi.

“Ṣé ẹ rí i? Kì í jẹrà. Ńṣe ló kàn ń kéré sí i. Èyí tó tóbi, mo lè yọ ọ́ nínú ẹja. Èyí tó ti rí báyìí, ta ló fẹ́ yọ ọ́?”

“N kò mọ ọ̀rá yìí, mà,” ni Tinúkẹ́ wí.

Irọ́ yẹn bá a wọ ọkọ̀ padà sílé. Nígbà tó sọ ohun tó rí fún Olúlékè, ẹ̀rín ló rín, ó ní ṣé iwájú ilé wọn ni òkun wà ni. Tinúkẹ́ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ń gbin kòkó lóko Alàgbà Olútìmẹ́hìn. Mọ́nsúrù, ọ̀gá àwọn alágbàṣe, ń ya ọ̀rá, àwọn yòókù sì ń dà á sódò. Tinúkẹ́ dé ibẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ odò, ó ń kó ọ̀rá sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Alàgbà dé, ó béèrè ohun tó ń wá nínú omi.

“Alàgbà, ẹ bi mí lọ́jà bóyá èmi ló ń ki ọ̀rá bọ ẹja nínú. Ẹ̀yin ni. Èmi náà sì ni.”

Alàgbà wo odò, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó tún wo oòrùn. Ó ní kí àwọn alágbàṣe máa bá iṣẹ́ lọ, ilẹ̀ ń ṣú.

Nígbà tí ọjà Ìgbòkòdá tún pé, kí Tinúkẹ́ tó la ẹnu kí Màmá Bernadette, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní irọ́ ni òun pa, òun mọ ọ̀rá náà dáadáa, ọwọ́ òun ló lu ihò sí i, oko ìlú àwọn ló sì ti ń wá. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó sì bi í.

“Ó dáa. Ṣé ẹ ti wá jáwọ́ báyìí?”

Tinúkẹ́ kò dìde. Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ kòkó ló ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dúró dè.